Níbo ni ẹja tó ń wú ń kó oúnjẹ sí?

Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi ló kó mi sí wàhálà yìí. Fídíò kan ló rí lórí fóònù mi, irú èyí tí ẹ̀yin náà á ti rí lórí sìtétọ́ọ̀sì àwọn èèyàn, àwọn ọmọkùnrin kan létí òkun ń fi igi tọ́ ẹja kan tó ní ẹ̀gún lára bíi ti òòrẹ̀, ẹja yẹn ń wú, ó ń wú, ó wú títí ó fi di roboto, ẹ̀gún ẹ̀ nà ṣánṣán, ẹ̀rín wá ń pa wọ́n kú. Ọmọ yẹn ò rẹ́rìn-ín ní tiẹ̀. Ó kàn wò mí, ó ní, "Àǹtí, tó bá ti mu omi kún inú ẹ̀ báyẹn, oúnjẹ tó jẹ láàárọ̀ ńkọ́, níbo ló wà?"

Mo ní kó lọ sùn.

Èmi gan-an ni mi ò wá sùn dáadáa. Ọ̀rọ̀ yẹn tẹ̀ lé mi kiri fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan, mo bá a nínú súnkẹrẹ-fàkẹrẹ Agbárá, mo bá a nínú ṣọ́ọ̀ṣì nígbà tí pásítọ̀ ń wàásù lọ́wọ́, torí ìbéèrè gidi ni ọmọ yẹn bi mí, ẹ gbà mí gbọ́. Àwọn àgbà ní ebi kì í wọnú kí ọ̀rọ̀ míì wọ̀ ọ́. Ẹja yìí wá jẹ́ pé omi ló ń wọ inú tiẹ̀, ó sì ń wọ̀ ọ́ débi pé ara ẹ̀ ń di nǹkan bí ìlọ́po mẹ́ta bó ṣe wà tẹ́lẹ̀. Kí ló wá kù tó fẹ́ ráyè níbẹ̀?

## Ẹja tí ẹnikẹ́ni ò ná

Ẹni tó bá ń gbé Àgbádárìgì mọ̀ ọ́n. Wọ́n á fa àwọ̀n jáde láàárọ̀, ṣáwà wà níbẹ̀, kúta wà níbẹ̀, edé àti akàn, lẹ́yìn náà lẹ máa rí òun náà láàárín ọ̀rá omi píọ̀ wọ́tà àti pàǹtírí, ó ń wojú yín pẹ̀lú ẹyinjú ńlá ẹ̀. Àwọn ìyá tó wá ra ẹja ò ní ná an. Àlejò nìkan ló máa ń bèèrè pé èló ni.

Mo lọ kà nípa ẹ̀ torí ìbéèrè ọmọ yẹn. Diodon làwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì ń pe ìran ẹ̀, Linnaeus ará Súwídìn ló sọ ọ́ lórúkọ yẹn lọ́dún 1758, márùn-ún sì ni irú ẹ̀ tó ṣì wà láàyè lónìí. Èyí tó tóbi jù, Diodon hystrix, lè gùn tó 91 sẹ̀ǹtímítà, gbogbo òkun tó lọ́wọ́ọ́wọ́ láyé ló sì wà, tiwa náà wà níbẹ̀. Ọ̀kan wà tí kì í sún mọ́ èbúté rárá, àárín agbami ló ń gbé títí tó fi ń kú, òmíràn sì wà nínú omi tútù lápá gúúsù Ọsirélíà. Wọ́n tún ní mọ̀lẹ́bí kan tó pọ̀ ní Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà, ẹ̀gún tiẹ̀ kúrú, kì í sì í sùn, bó bínú bí ò bínú ó ti nà sókè. Torí náà tẹ́ ẹ bá rí ọ̀kan létí òkun wa, ẹ kọ́kọ́ wo ẹ̀gún ẹ̀ nígbà tí ara ẹ̀ bá balẹ̀. Tó bá sùn mọ́ ara, Diodon ni. Tó bá dúró gan-an láìní ìdí, mọ̀lẹ́bí ẹ̀ ni.

Alẹ́ ló ń jẹun. Lọ́sàn-án á sá sábẹ́ àpáta tàbí inú ọkọ̀ tó ti rì, tílẹ̀ bá ti ṣú á jáde wá máa wá akàn àti ìgbín òkun àti gbogbo nǹkan tó ní èèpo líle, á rún un wómúwómú. Kò lè sáré. Lẹbẹ kéékèèké tó ní ò lè gbé e sá fún ẹnikẹ́ni tó bá fẹ́ ẹ jẹ, ìyẹn ló sì fà á tó fi ń wú. Kí n tiẹ̀ sọ pé kì í fi wíwú ṣeré o, sísápamọ́ ló kọ́kọ́ máa ń ṣe, ìgbà tí ibi ìsápamọ́ bá tán ló ń gbé omi mì.

## Ọ̀bẹ bàbá yẹn

Mo wọ ọkọ̀ ojú omi sọdá ọ̀sà Àgbádárìgì lọ sí erékùṣù Gberefu ní àárọ̀ Sátidé kan, mo sọ fún ara mi pé atẹ́gùn ni mo fẹ́ lọ gbà, irọ́ ni. Wọ́n ti ń fa àwọ̀n bọ̀ nígbà tí mo dé, ìlà méjì, okùn ti wọ̀ wọ́n léjìká, orin ń lọ. Nígbà tí àpò àwọ̀n gúnlẹ̀, méjì nínú ẹja yìí ló wà níbẹ̀.

Ọ̀kan ti wú, àmọ́ orí iyanrìn ló ti wú, atẹ́gùn ló fà sínú dípò omi, àwọn ọmọdé sì ti ń fi ẹsẹ̀ yí i kiri. Bàbá kan tó ń yọ ẹja lójú àwọ̀n jágbe mọ́ wọn. Ó mú èèpo àgbọn méjì, ó fi gbé e torí ẹ̀gún, ó wọ inú omi títí dé orúnkún, ó rì í sísàlẹ̀, ó wá dojú ẹnu ẹ̀ kọ òkè, ó sì dúró síbẹ̀ bí ìgbà tí kò níṣẹ́ míì láyé. Mo ní, "Bàbá, ẹ ò kúkú jù ú sómi?" Ó ní, "Tí n bá jù ú báyìí, á léfòó ni. Atẹ́gùn inú ẹ̀ ò ní jẹ́ kó rì. Á dojú ikùn kọ òòrùn títí á fi kú, tí ẹyẹ ò bá kọ́kọ́ débẹ̀." Lóòótọ́, díẹ̀díẹ̀, atẹ́gùn bẹ̀rẹ̀ sí í hó jáde lẹ́nu ẹ̀, pọ̀ọ̀kù, pọ̀ọ̀kù, ara ẹ̀ ń rọ̀, ẹ̀gún ẹ̀ ń sùn padà lọ́wọ̀ọ̀wọ́, ojú ẹ̀ nìkan ni ò yí padà. Nígbà tó yá ó ju ìrù, ó lọ.

Èkejì ti kú sínú àwọ̀n. Mo bẹ bàbá yẹn kó là á fún mi. Ó wò mí láti òkè dé ilẹ̀. "Kí lo fẹ́ fi ṣe? Ṣé ikú ń wù ẹ́ ni?" Mo ní mi ò fẹ́ jẹ ẹ́, mo kàn fẹ́ wo ibi tó ń kó oúnjẹ sí. Ó bú sẹ́rìn-ín, ó pe èkejì ẹ̀ kó wá gbọ́ nǹkan tí obìnrin yìí sọ.

Ẹ jẹ́ n sọ ọ̀rọ̀ ikú yẹn kí n tó máa lọ. Májèlé kan wà lára ìdílé àwọn ẹja tó ń wú yìí, pàápàá nínú ẹ̀dọ̀ àti ẹyin wọn. Iná ò lè pa á, kò sì sóògùn kan tó ń pa oró ẹ̀. Òótọ́ ni pé àwọn ará Okinawa ní Japan ń fi Diodon se ọbẹ̀ tí wọ́n ń pè ní abasa-jiru, àmọ́ wọ́n mọ èyí tí wọ́n ń mú àti ohun tí wọ́n ń yọ dànù lára ẹ̀. Kò sẹ́ni tó kọ́ wa nírú ẹ̀ níbí. Ẹ fi í sílẹ̀ jàre.

Ó dojú ẹja yẹn dé, ó fi ọ̀bẹ wọ̀ ọ́ láti ìdí. Awọ ẹ̀ yi. Abẹ́ awọ la ti rí i pé ẹ̀gún yẹn ní gbòǹgbò, ó la ẹsẹ̀ méjì síbẹ̀, torí náà tí awọ bá fà le, gbòǹgbò á ti ẹ̀gún dìde, ẹja yẹn ò tún ní láti dá ẹ̀gún nà. Ìpẹ́ tó ti yí padà ni gbogbo ẹ̀gún yẹn. Bàbá ní kí n fọwọ́ kàn án lẹ́gbẹ̀ẹ́. Mo tọ́ ọ títí, mi ò kan egungun ìhà kankan. Kò ní. Èyí tó dà bí egungun ìbàdí lára ẹja míì, kò ní ìyẹn náà. Ohunkóhun tó lè dí wíwú lọ́wọ́ ti kúrò lára ẹ̀.

Ó wá fi ìka fa àpòlúkù ẹ̀ jáde. Mo rò pé màá rí nǹkan ńlá. Nǹkan funfun tín-ín-rín ni, ó rọ̀, ó ká léra lọ́nà tó pọ̀ débi pé ojú mi ò lè ka ìṣẹ́po ẹ̀, ó dà bí gèlè tí wọ́n fún kúrò nínú omi tí wọn ò tíì tú. Bàbá ki ọwọ́ bọ̀ ọ́. Ó gbà á dé ọrùn ọwọ́, ó ṣì ń fẹ̀ sí i. Ó fọwọ́ yẹn hàn mí: kò sí nǹkan kan níbẹ̀. Ẹyọ iyanrìn kan ò sí. Ìfun ló wá là lẹ́yìn náà, ibẹ̀ la ti bá èèpo akàn tó ti rún, pupa àti funfun, ó kún dẹ́múdẹ́mú.

"Kò ní ibi tó ń kó oúnjẹ sí," ló wí. "Ohun tó bá ti jẹ, kíá ni kó kọjá sísàlẹ̀. Iyàrá yẹn, omi ló wà fún."

Ó ṣan ọ̀bẹ ẹ̀ nínú omi, ó padà sídìí àwọ̀n. Ohun tí bàbá yẹn sọ bá ti àwọn onímọ̀ mu wẹ́kú, mo lọ yẹ̀ ẹ́ wò. Àpòlúkù ìdílé ẹja yìí ti fi iṣẹ́ dída oúnjẹ sílẹ̀ pátápátá. Ìfun ló gba iṣẹ́ yẹn ṣe. Iṣan tó ń fún pọ̀ sì wà lókè àti nísàlẹ̀ àpò náà, òun ló ń ti ilẹ̀kùn kí omi má bàa jáde tàbí kó ya sínú ìfun.

## Ohun tó san

Ibẹ̀ ni mo ti wá bínú sí fídíò yẹn. Ẹni tó ń fi igi tọ́ ẹja kó lè wú fún kámẹ́rà, ó rò pé ọ̀fẹ́ ni. Ẹja yìí ti fi egungun ìhà sílẹ̀, ó ti fi eré sísá sílẹ̀, ó ti fi àpòlúkù sílẹ̀, torí kí wọ́n má bàa gbé e mì. Ìgbà tó bá tiẹ̀ wú tán, iṣẹ́ ò tíì parí. Àwọn olùwádìí kan ní Ọsirélíà wo ìbátan ẹ̀ kékeré kan lọ́dún 2014, ohun tí gbogbo èèyàn ń rò tẹ́lẹ̀ ni pé ó ń sé èémí ni tó bá wú, wọ́n wá rí i pé ó ń mí, ó ń mí gan-an ni, afẹ́fẹ́ tó ń lò pọ̀ ju ti ìgbà tó ń sinmi lọ ní ìlọ́po bíi márùn-ún, ó sì ń tó nǹkan bíi wákàtí márùn-ún ààbọ̀ lẹ́yìn tí ara ẹ̀ bá ti rọ̀ padà kí mímí ẹ̀ tó padà sípò. Wákàtí márùn-ún ààbọ̀. Ẹni tó tọ́ ọ ti jẹun, ó ti sùn, ó ti gbé fídíò sórí íntánẹ́ẹ̀tì. Adìyẹ ń làágùn, ìyẹ́ ni ò jẹ́ ká mọ̀.

Àwọn ará Kiribati ní tiwọn, ní erékùṣù àárín òkun Pàsífíìkì, awọ ẹja yìí ni wọ́n ń gbẹ tí wọ́n fi ń ṣe akoto ogun láyé àtijọ́, ẹ̀gún ẹ̀ á yọ ṣọnṣọ lórí jagunjagun. Ó wà nínú mùsíọ́mù ní Lọ́ńdọ̀nù. Ìta ara ni gbogbo ayé máa ń mú lọ.

## Ẹnu ló kù

Nǹkan kan tún wà tó yà mí lẹ́nu. Ìran ẹja yìí ti pẹ́ láyé. Ní Monte Bolca ní Ítálì, wọ́n rí àwọn ìbátan ẹ̀ odindi tó ti di òkúta láti nǹkan bí 50 mílíọ̀nù ọdún sẹ́yìn, teyín tẹ̀gún. Ṣùgbọ́n irú ìyẹn ṣọ̀wọ́n. Ohun tí àwọn tó ń gbẹ́ ilẹ̀ sábà máa ń rí ni ẹnu. Eyín ẹja yìí lẹ̀ pọ̀ ni, ọ̀kan ṣoṣo lókè, ọ̀kan nísàlẹ̀, inú ẹ̀ lọ́hùn-ún sì ni pẹpẹ líle kan wà tí wọ́n tò ní ìpele ìpele, tí tòkè bá jẹ tán, tìsàlẹ̀ á gòkè wá rọ́pò ẹ̀. Nǹkan yẹn le ju kó jẹrà lọ. Àpòlúkù jẹrà. Awọ jẹrà. Ẹ̀gún tú ká sínú yẹ̀pẹ̀.

Òkun ti bo ibi tí wọ́n ti ń wa òkúta sìmẹ́ńtì ní Ewékorò rí, bíi 60 mílíọ̀nù ọdún sẹ́yìn, ìkarahun àti eyín ẹja ṣì wà nínú òkúta yẹn títí dòní, a sì ń fi kọ́lé. Mo fẹ́ràn láti máa rò ó bẹ́ẹ̀ tí mo bá rí lọ́rì sìmẹ́ńtì. Ohun tí òkúta pa mọ́ nípa ìran Diodon ni bó ṣe ń jẹun. Kò pa ìjà ẹ̀ mọ́. Tó bá jẹ́ pé òkúta nìkan la ní, kò sẹ́ni tó máa mọ̀ láyé pé ẹja yìí ń wú.

## Bàhíà, 1832

Lọ́dún 1832, Charles Darwin, onímọ̀ sáyẹ́ǹsì ará Gẹ̀ẹ́sì, tó jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́tàlélógún nígbà yẹn, gúnlẹ̀ sí Bàhíà ní Bùràsíì nínú ọkọ̀ ojú omi Beagle. Wọ́n mú ọ̀kan nínú ẹja yìí fún un nítòsí etí omi, Diodon ló pè é, ìdí mọ̀lẹ́bí ẹlẹ́gùn-ún kúkúrú yẹn ni wọ́n tò ó sí lónìí. Ó fara balẹ̀ wò ó. Ó rí i pé tó bá wú, ó ń dojú ikùn sókè, ó sì ṣì ń lúwẹ̀ẹ́ lọ síbi tó bá fẹ́. Ó rí i pé ó ń géni jẹ, ó ń tu omi lẹ́nu. Ó ní nǹkan pupa kan tó ń jáde lára ikùn ẹ̀ tí èèyàn bá dì í mú, tó kun ìwé òun, tí àwọ̀ ẹ̀ ò ṣí lẹ́yìn ọdún púpọ̀. Dókítà kan tún sọ fún un pé ẹja yìí máa ń wà láàyè nínú àkurákudà tó bá gbé e mì, pé ó tiẹ̀ máa ń jẹ ọ̀nà ara ẹ̀ jáde lẹ́gbẹ̀ẹ́ àkurákudà yẹn tí ìyẹn á sì kú. Ìtàn àgbọ́sọ nìyẹn ní tèmi o, àmọ́ ó dùn.

Èyí tó mú mi dákẹ́ ni ibi tó ti rí i. Bàhíà! Ẹni tó bá ti wọ ilé ẹrú Séríkì Abass níbí, ní Àgbádárìgì, mọ ohun tí orúkọ yẹn ń jẹ́ fún wa. Bí Darwin ṣe ń wo ẹja lọ́dún yẹn, àwọn ọmọ Yorùbá tí wọ́n kó lẹ́rú wà ní èbúté yẹn tí wọ́n ń ru ẹrù. Bàhíà yìí kan náà ni òun àti ọ̀gá ọkọ̀ wọn, FitzRoy, ti jà lórí ọ̀rọ̀ ẹrú. FitzRoy lọ kí ọlọ́rọ̀ kan tó ní ẹrú púpọ̀, ọlọ́rọ̀ yẹn pe àwọn ẹrú ẹ̀ jọ lójú ẹ̀, ó bi wọ́n bóyá inú wọn dùn, bóyá wọ́n fẹ́ òmìnira, gbogbo wọn ní rárá. FitzRoy wá ń fi sọ̀rọ̀ pé ẹrú ò ní ìṣòro. Darwin ní, ṣé ìdáhùn tí ẹrú bá fún èèyàn lójú ọ̀gá ẹ̀ já mọ́ nǹkan kan ni? FitzRoy bínú débi tó fi ní àwọn méjèèjì ò lè jọ gbé inú ọkọ̀ kan mọ́, kó tó di pé ó padà wá tọrọ àforíjì.

Mo ka ìyẹn tán, mo rántí ọ̀bẹ bàbá yẹn. Ẹni tó wú lójú ẹni tó lè gbé e mì, ẹ ò lè tìta mọ ohun tó wà nínú ẹ̀. "Rárá" tí wọ́n sọ yẹn, ẹ̀gún ni. Ẹni tó bá fẹ́ mọ òótọ́ á kọ́kọ́ gbé ọ̀gá kúrò níbẹ̀.

## Ẹ̀gbọ́n mi

Ẹja ni ẹ̀gbọ́n mi ń yan, ìyá ọmọ tó bi mí ní ìbéèrè yẹn. Obìnrin bí ọkùnrin ni gbogbo ọjà ń pè é. Ó ń gbé igi ìdáná fúnra ẹ̀, ó ń ti èéfín bọnu, ó ń bá àwọn tó ń tajà fún un jà lórí owó, ẹni tó bá fẹ́ rẹ́ ẹ jẹ á mọ̀ pé òun ò tọ ẹni tó yẹ. A máa ń fi yangàn nínú ẹbí. Tí ẹnikẹ́ni bá ní wàhálà, òun ni wọ́n máa ń pè, torí "ó le."

Mo bi í lọ́sàn-án ọjọ́ kan ní ṣọ́ọ̀bù pé ṣé kì í rẹ̀ ẹ́. Àwọn oníbàárà méjì wà níbẹ̀, ọmọ tó ń bá a tajà wà níbẹ̀. Ó ní, "Kí ló fẹ́ rẹ̀ mí? Ṣé mo jọ ẹni tó ń rẹ̀ ni?" Gbogbo wọn rẹ́rìn-ín, wọ́n ní ẹ má da Ìyá Alágbára láàmú.

Lálẹ́, nígbà tó ku èmi àti òun nìkan ní kíṣìnì, mo tún bi í. Mo sì ṣe àṣìsọ, mo kọ́kọ́ sọ ọ̀rọ̀ ẹja yẹn fún un, ó ní, "Ẹja tí ò ṣeé jẹ yẹn lo wá fi mí wé? O káre." Ó ro ẹ̀bà, ó dákẹ́ díẹ̀, lẹ́yìn náà ló wá ní orúnkún òun ọ̀tún ti ń dun òun láti ìgbà òjò, igi yẹn ló fà á, pé tóun bá rí ẹni tó lè máa gbé igi wọlé fóun lọ́jọ́ Tọ́sìdeé tí lọ́rì ń já a, ara á tu òun. Pé òun ò lè sọ ọ́ ní ṣọ́ọ̀bù, ṣé mo fẹ́ kí àwọn tó ń tajà fún òun máa fọwọ́ pa òun lórí ni.

Mo ti bá ọmọkùnrin kan lẹ́yìn ilé wa sọ ọ́. Ó gbà, àmọ́ owó tó ń pè ti pọ̀ jù, a ṣì ń nájà ẹ̀ lọ́wọ́.